Kì í ṣe ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, sọ ní ìpàdé gbogbogbòò níwájú àwọn ọba, ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́

   

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa àti àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rèé: ọ̀gá tó fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ka gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ náà bá kọ lórí rẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Kútọnu nìyẹn, pé kí ló kan àgbẹ̀, kí ló kan ààfin? Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa ló wà nínú báǹkì, nínú iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn, ní mẹ́rì. Bí wọ́n bá lé ọmọ kúrò níṣẹ́, ilé ló ń bọ̀, àgbà ló sì ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ bá. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn kan tó jókòó síbí yìí jẹ́ ọ̀gá fúnra wọn. Wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní ilé oògùn, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ márùn-ún, mẹ́wàá ń jẹun níbẹ̀. Nítorí náà, ẹjọ́ tọ̀tún tòsì ni mo fẹ́ rò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn àgbà tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Ímeèlì jẹ́ lẹ́tà tí à ń fi ẹ̀rọ kọ. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́ láti orí àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ fún un, lẹ́tà náà á kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ ńlá tí iléeṣẹ́ ń lò kọjá, ẹ̀dà rẹ̀ sì lè kù síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè pa á rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó rò pé ó ti parí. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì lè wà níkàáwọ́ ọ̀gá. Ti íntánẹ́ẹ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lè rí ojúlé tí a yà sí, ọjọ́ tí a lọ, àti bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

WhatsApp yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ṣí WhatsApp rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, tó sì dìde lọ jẹun láì tì í, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ ti wọ yàrá rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ohun èlò kan tún wà tí wọ́n lè fi sínú kọ̀ǹpútà, tí á máa ya àwòrán ojú rẹ̀, tí á sì máa kó gbogbo ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ jọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ lè má mọ̀ rárá.

Ẹjọ́ ọ̀gá

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọ̀gá. Òun ló ra kọ̀ǹpútà, òun ló ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń san owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá fi wákàtí mẹ́ta wo bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ, owó ọ̀gá ló ń jó. Àṣírí àwọn oníbàárà wà lọ́wọ́ báǹkì. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ síta, ọ̀gá ni wọ́n á mú. Lẹ́tà burúkú kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ bá ṣí láì wò ó dáadáa lè ti gbogbo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ pa. Bí ẹnìkan bá sì fi orúkọ iléeṣẹ́ lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ni àwọn tó jìyà rẹ̀ máa wá.

Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí onílé má ṣọ́ ilé rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí ọ̀gá bá pa òwe mọ́ ọn pé ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ẹ gbọ́ o! Òwe ẹrú ni. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló tà fún ọ̀gá, kò ta ara rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa pàápàá, ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ san èlé owó tó yá, ó ní àkókò tó jẹ́ ti olówó, ó sì ní àkókò tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní ilé, ó ní aya, ó ní oko ara rẹ̀. Olówó tó bá lọ ń yọjú sínú yàrá ìwọ̀fà rẹ̀, àwọn ará àdúgbò máa bi í pé kí ló ń wá. Ẹni tí wọ́n sì fi àrokò rán níṣẹ́, bó ti gbà á ló ń jẹ́ ẹ. Kì í tú u wò lọ́nà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ àṣírí jẹ́ ohun tí òyìnbó kó wá. Ẹ̀rọ ni wọ́n kó wá. Ìwà náà ti wà nílé.

Àpòòwé tí a kọ «Personnel» sí

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba. Ní bùró wa, lẹ́tà tó bá dé ní òwúrọ̀, akọ̀wé á ṣí i, á lù ú ní òǹtẹ̀, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá, kó tó gbé e fún ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, nítorí lẹ́tà iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rí àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn sí, tí wọ́n sì kọ «Personnel» sí i lórí, akọ̀wé kì í fọ̀bẹ kàn án. Bó ṣe wà ló ṣe ń gbé e sórí tábìlì ẹni tó ni ín. Ọ̀gá ló ni bùró. Òun ló ni tábìlì. Òun ló ni ọ̀bẹ tí a fi ń ṣí lẹ́tà. Síbẹ̀, kò ni ohun tó wà nínú àpòòwé yẹn.

Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé, Cour de cassation, sọ nípa kọ̀ǹpútà kò jìnnà sí èyí. Iléeṣẹ́ Nikon France lé òṣìṣẹ́ kan ní 1995, wọ́n ní ó ń fi ohun èlò iléeṣẹ́ ṣe ti ara rẹ̀. Inú fáìlì kan tó kọ «Personnel» sí lára ni wọ́n ti rí ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2001, ilé ẹjọ́ náà ní òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbésí ayé tirẹ̀, àní níbi iṣẹ́, àní ní àkókò iṣẹ́, àti pé àṣírí lẹ́tà wà nínú ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ ka lẹ́tà àdáni òṣìṣẹ́, kódà bó bá ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí kì í ṣe iṣẹ́.

Ilé ẹjọ́ kan náà fi ààlà sí i lẹ́yìn náà. Ní 2005, ó ní ọ̀gá lè ṣí fáìlì tí a kọ àdáni sí bí òṣìṣẹ́ bá wà níbẹ̀, tàbí bí wọ́n bá ti pè é kó wá, àfi bí ewu pàtàkì kan bá wà. Ní 2006, ó ní ohun tí a kò bá kọ nǹkan kan sí lára, ohun iṣẹ́ la máa kà á sí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ di èyí mú.

Ẹ má rò pé ẹni tó bá ti kọ «Personnel» sí nǹkan ti bọ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Faransé kan, ní SNCF, sọ odindi àpótí inú kọ̀ǹpútà iṣẹ́ rẹ̀ ní «données personnelles». Wọ́n bá àwòrán ìhòòhò tó lé ní 1500 níbẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ ti sọ pé «privé» ni kí a kọ sí ohun àdáni, kò sì kọ ọ́. Ó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 2018, ó pàdánù. Òfin bo àṣírí, kò bo ìwà ìbàjẹ́ tí a kó sábẹ́ àṣírí.

Ẹjọ́ Bărbulescu

Ẹjọ́ tó la ọ̀nà jù wá láti ilẹ̀ Ròmáníà. Ọ̀gbẹ́ni Bogdan Bărbulescu ń ṣe iṣẹ́ ọjà títà ní iléeṣẹ́ kan ní Bucharest. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣí Yahoo Messenger láti máa fi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Òfin iléeṣẹ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ṣe ti ara rẹ̀. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 13 oṣù keje 2007, wọ́n ṣọ́ gbogbo ohun tó ń kọ. Wọ́n pè é, wọ́n bi í léèrè, ó ní iṣẹ́ nìkan lòun ń fi í ṣe. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi kó ìwé ojú ewé 45 síwájú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó bá àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tó bá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ, tó fi dé orí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí etí kẹta gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, wọ́n lé e.

Ó pẹjọ́ ní Bucharest, ó pàdánù. Ó lọ sí kóòtù kejì, ó tún pàdánù. Ó lọ sí Strasbourg. Ní oṣù kìíní 2016, adájọ́ mẹ́fà nínú méje ní ọ̀gá jàre. Kò káàárẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ńlá ilé ẹjọ́ náà, adájọ́ 17 jókòó lé e lórí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 2017, adájọ́ 11 ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, mẹ́fà kò gbà. Wọ́n ní kò sí àṣẹ tí ọ̀gá lè pa tó máa sọ ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ di òfo pátápátá. Ìdálẹ́bi náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó tó fún un. Wọn kò fún un lówó ìtánràn, bí kò ṣe ìwọ̀nba owó tó ná lórí ẹjọ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi rìn ín.

Ẹ wò ó dáadáa: ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé kí ọ̀gá má ṣọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kóòtù Bucharest kò béèrè àwọn ìbéèrè tó yẹ. Ìbéèrè mẹ́fà ni, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin Kábíyèsí àti ìjòyè fọkàn sí wọn, nítorí wọ́n dára fún agbo ìdájọ́ tiwa náà.

Èkínní: ṣé wọ́n ti sọ fún òṣìṣẹ́ ṣáájú pé wọ́n lè ṣọ́ ọ, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe é? Sísọ fún un pé kó má fi ẹ̀rọ ṣeré kò tíì tó sísọ fún un pé a máa ka lẹ́tà rẹ̀.

Èkejì: báwo ni ìṣọ́ náà ṣe jìn tó? Wíwo iye lẹ́tà tó jáde kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kíka ohun tó wà nínú wọn. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ ọ? Ojú ènìyàn mélòó ló kàn án?

Ẹ̀kẹta: kí ni ìdí rẹ̀? Bí owó bá sọnù, ìdí wà. Òfófó kì í ṣe ìdí.

Ẹ̀kẹrin: ṣé kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ? Bó bá jẹ́ pé wíwo bọ́ọ̀lù ni wàhálà, wọ́n lè ti ojúlé bọ́ọ̀lù pa. Kò di dandan kí wọ́n ka lẹ́tà ìyàwó ilé.

Ẹ̀karùn-ún: kí ni wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ṣe, kí ló sì dé bá òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀? Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí kí ènìyàn pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: ààbò wo ló wà fún òṣìṣẹ́, pàápàá kí wọ́n má baà ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rẹ̀ láì ti kìlọ̀ fún un?

Òfin tiwa ń kọ́?

Ẹnìkan máa sọ pé ìdájọ́ Strasbourg kò de Benin, ti Paris náà kò dè wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ní tiwa. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990 sọ ní abala 21 pé òfin ló dúró fún àṣírí lẹ́tà àti ti ìbánisọ̀rọ̀. Òfin ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2009 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni ọmọ ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Code du numérique dé, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018. Ó fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ òun jọ, láti béèrè ohun tí wọ́n kó, àti láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Iléeṣẹ́ ìjọba kan wà ní Kútọnu tí wọ́n ń pè ní APDP, òun ló ń mójú tó o, ọmọ ìlú sì lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí wọn. Ẹ̀yin ará Togo, ẹ̀yin náà ní òfin tiyín, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Malabo ní 2014 lórí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2023.

Òfin wà, àmọ́ òfin tí aráàlú kò mọ̀, oorun ló ń sùn. Bó bá ń sùn, àwa la máa jìyà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀gá ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ òun kò ní kọ̀wé sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọn kò san owó oṣù pé. Obìnrin tí ọ̀gá ń yọ lẹ́nu kò ní rí ibi tó máa fẹjọ́ sùn sí. Ọmọ wa tó wà ní bùró ìjọba kò ní lè bi ẹgbẹ́ tiwa yìí léèrè ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe òṣèlú. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà ènìyàn, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ẹnu onítọ̀hún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá wá rojọ́ òṣìṣẹ́, tó kó ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú tẹlifóònù tàbí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kà á sókè láàárín agbo títí ẹ fi máa béèrè bó ṣe rí i. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́fà yẹn. Bí kò bá lè dáhùn méjì àkọ́kọ́, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí a bá ti kà lójú agbo, kò sí ẹni tó lè kó o padà sínú àpò. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ mọ́ lílé kúrò níṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí òfin yàn sí i.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà láàárín wa, ẹ kọ òfin tiyín sílẹ̀. Ojú ewé kan tó. Ẹ kọ ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rọ ṣe, ohun tí kò gbọdọ̀ fi ṣe, ohun tí ẹ máa ń wò, ẹni tó máa ń wò ó, àti ìgbà tí ẹ máa ń wò ó. Ẹ fi Faransé kọ ọ́, ẹ fi Yorùbá kà á sí wọn létí, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti dáàbò bo ara rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ tó bá tún rú òfin náà kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Ẹ má fi àdírẹ́sì iléeṣẹ́ kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà. Ẹ má fi WhatsApp yín sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Ohun àdáni tó bá di dandan kó wà níbẹ̀, ẹ kọ «Personnel» sí i lára. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ kà á. Ẹ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún yín. Ẹni tó ń fi àkókò ọ̀gá ṣòfò, ẹjọ́ rẹ̀ á nira fún wa láti gbà rò.

Ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ ti ẹgbẹ́. Àwa náà ní kọ̀ǹpútà, a ní akọ̀wé. Ká tó lọ bi mẹ́rì léèrè, ká kọ òfin ojú ewé kan yẹn fún ara wa, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri bùró wa. Lẹ́yìn náà, ká kọ̀wé sí mẹ́rì kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa pé kí wọ́n fi tiwọn hàn wá. Àwọn tó ń wá ìbò wa, ìbéèrè yẹn náà ni ká fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà: ìwé tí ẹ fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi iṣẹ́, níbo ló wà? Ẹni tí kò bá lè fi hàn wá, ká jẹ́ kó mọ̀ pé a rí i.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa máa gbè wọ́n. Àṣẹ.